Ìlà Tó Yọ Lábẹ́ Túùbù Omi

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ránṣẹ́ nìyí. PCR tó dárúkọ ni ọ̀nà tá a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, orí jẹ́ẹ̀lì la sì ti ń rí DNA náà bí ìlà. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ máàsítà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ molecular biology. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe PCR kan náà. Àwọn sáńpù mi ń yọ ìlà dáadáa lórí jẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n túùbù tí mo bu omi lásán sí, tí kò ní DNA kankan nínú, òun náà ń yọ ìlà. Ẹnì kan tó ti pẹ́ jù mí lọ nínú láàbù ní kí n gé ibi omi yẹn kúrò nínú àwòrán, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí n gbé èsì mi síwájú ọ̀gá mi àti gbogbo láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ó tún ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ yìí kò wà fún irú mi."

Àbúrò mi, má gé e. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú gbogbo ohun tí mo máa sọ, torí ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ìlà tó yọ lábẹ́ túùbù omi yẹn ni ohun tó dá wa lójú jù lọ lórí jẹ́ẹ̀lì rẹ báyìí. Àwọn ìlà yòókù tó o ní wọ́n ń yọ dáadáa, a ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Wò ó. Kí nìdí tá a fi ń bu omi lásán sí túùbù kan láàárín àwọn tó ní DNA? Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ bi í: bí mi ò bá fi DNA sí ọ, ṣé nǹkan á yọ? Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé DNA ti gba ibòmíràn wọlé. Inú àdàlù kan náà ni gbogbo túùbù ti wá, nítorí náà ohun tó wọ inú omi lè ti wọ inú sáńpù. Ìlà tó nípọn jù lọ lórí jẹ́ẹ̀lì rẹ, èyí tó dùn ún wò, lè jẹ́ àbàwọ́n kan náà tó wọ aṣọ sáńpù.

Ohun tó fi rọrùn kí èyí ṣẹlẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tó o mú dání lágbára kọjá ohun tí ojú lè gbé. Kary Mullis ló ronú kan PCR ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lórí rẹ̀ ní 1993. À ń gbé túùbù gbóná dé nǹkan bíi díígírì 95 kí okùn DNA méjèèjì lè tú kúrò lára ara wọn, a ó jẹ́ kó rọlẹ̀ kí práímà, ègé DNA kúkúrú tó ń fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn, lè lẹ̀ mọ́ wọn, a ó tún gbé e dé 72 kí ẹ́ńsáìmù Taq lè kọ́ okùn tuntun. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Bó bá yí po nígbà 30 tí gbogbo rẹ̀ sì lọ déédéé, ẹyọ DNA kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹyọ kan ṣoṣo! Nígbà tó o bá wá ṣí túùbù tó ti parí láti bu nínú rẹ̀ lọ sórí jẹ́ẹ̀lì, ẹ̀kán tín-ín-tín tó ta jáde bí ìdérí ṣe ń já, tí ojú rẹ kò rí, lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ dání. Wọ́n á bà lé ìbọ̀wọ́ rẹ, lé pípẹ́ẹ̀tì tó o fi ń bu omi, lé ara páálí tó o kó túùbù sí. Lọ́jọ́ kejì tó o bá jókòó láti po òmíràn, wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Wọ́n sì burú ju DNA èyíkéyìí mìíràn lọ, torí pé práímà rẹ ló bí wọn. Wọ́n bá a mu gẹ́lẹ́.

Nígbà tí PCR ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ooru díígírì 95 yẹn ń pa ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń lò. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí po, wọ́n ní láti ṣí túùbù kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù tuntun sí i. Inú bakitéríà kan tó ń gbé inú omi gbígbóná ni ìrànlọ́wọ́ ti wá: Thermus aquaticus, tí Thomas Brock àti Hudson Freeze, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà náà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1969 lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà. Taq tá a rí lára rẹ̀ ló jẹ́ ká lè ti túùbù pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ sí i.

Ó yá, ká bọ́ sórí tìrẹ. Kó o tó da ohunkóhun nù, wo ibi tí ìlà omi náà dúró sí lórí jẹ́ẹ̀lì. Bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 100 base (lẹ́tà DNA), tó rí bí èéfín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ práímà méjèèjì ló ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìyẹn kì í ṣe àbàwọ́n. Dín práímà kù tàbí kó o gbé ìwọ̀n ooru ìlẹ̀mọ́ra sókè díẹ̀, ó máa ń lọ. Bó bá dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti sáńpù, àbàwọ́n ni, ohun tí mo ń bá ọ sọ nìyẹn. Ohun kan tún wà tó o kò sọ fún mi: jíìnì wo lò ń wá? Bó bá jẹ́ jíìnì 16S ti bakitéríà ni, fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn pé inú bakitéríà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ Taq tí à ń rà. DNA bakitéríà díẹ̀ máa ń bá ẹ́ńsáìmù wá látinú ilé iṣẹ́, bó o bá sì yí i po nígbà 35 tàbí 40, ó lè yọ. Ìwọ kọ́ lo fi síbẹ̀. Dín iye ìyípo kù, kó o sì máa fi túùbù omi síbẹ̀ nígbà gbogbo kí ẹni tó bá wo èsì rẹ lè rí ibi tí àbàwọ́n ilé iṣẹ́ dé.

Nípa ti wíwá ibi tí àbàwọ́n ti ń wọlé, àwọn ìwé ìtọ́ni máa ń ní kó o pààrọ̀ nǹkan kọ̀ọ̀kan títí wàá fi mú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀nà náà tọ́, ó sì ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án lo ní. Èmi ní tèmi, lákọ̀ọ́kọ́ mi ò ní wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Da gbogbo ohun tó o ti ṣí sílẹ̀ nù: omi, práímà tó o ti pò sí ìwọ̀n tó ò ń lò, bọ́fà, dNTP (èròjà tí ẹ́ńsáìmù fi ń kọ́ DNA). Ṣí tuntun, pín wọn sí túùbù kéékèèké tí o ó lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó wọn sí fírísà tí èsì PCR kò sí nínú rẹ̀. Yá pípẹ́ẹ̀tì tí kò tíì kan jẹ́ẹ̀lì rí, lo típù tó ní àlẹ̀mọ́ asẹ́ nínú, jókòó sí tábìlì mìíràn, kó o sì po omi mẹ́ta láìsí sáńpù kankan. Bí omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mọ́, ó ti bọ́. Bí wọn ò bá mọ́, ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì ti mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù, atẹ́gùn yàrá tàbí ọwọ́ ni ká wò.

Pípẹ́ẹ̀tì tí mo dárúkọ yẹn, mi ò ṣàdédé dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu PhD, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ṣe mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo pààrọ̀ omi, mo pààrọ̀ práímà. Mo tiẹ̀ fọkàn dá ẹni tó jókòó tì mí lẹ́bi, mi ò sọ fún un, mo kàn ń fojú burúkú wò ó. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ló gbà mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, mo ń wá ọjọ́ tí omi mọ́. Ọjọ́ méjì péré ni mo rí. Lọ́jọ́ méjèèjì, mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé mo yá pípẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn torí pé ẹnì kan ti mú tèmi. Mo dìde, mo tú ọrùn pípẹ́ẹ̀tì mi. Níbi tí típù ti ń wọ̀ ọ́, lápá inú, òrùka aláwọ̀ búlúù kan ti gbẹ mọ́ ọn, kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ. Àwọ̀ tá a fi ń po DNA kó tó wọ inú jẹ́ẹ̀lì ni. Pípẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń gbé èsì PCR lọ sínú jẹ́ẹ̀lì lálẹ́, òun náà ni mo fi ń po PCR tuntun láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, pín iṣẹ́ náà sí méjì. Bí yàrá méjì bá wà, ó dára. Bí kò bá sí, tábìlì méjì, pípẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aṣọ láàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ibì kan fún pípo, ibì kan fún jẹ́ẹ̀lì. Àárọ̀ ni kó o po, ọ̀sán ni kó o ṣí èsì. Ìbọ̀wọ́ tó ti kan jẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ padà síbi tí àdàlù wà láé. Nígbà tó o bá ń po, ṣe àdàlù ẹyọ kan fún gbogbo túùbù, pín in, kó o tó wá bu DNA sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Túùbù omi ni kó gbẹ̀yìn, kó wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tó o fi ń bu DNA sí àwọn yòókù, kí ohun tó bá ń fò nínú atẹ́gùn lè bà sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń bu omi, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e tì. Omi wọn á máa mọ́, sáńpù wọn á sì ní àbàwọ́n, èyí tó burú ju tìrẹ lọ.

Kóńtíróòlù tó yẹ kó yọ, ìyẹn túùbù tá a mọ̀ pé DNA tí à ń wá wà nínú rẹ̀, òun náà lè ṣèparun. Wádìí bóyá plasmid, òrùka DNA kékeré tó máa ń wà nínú bakitéríà, lò ń lò fún un. Nanogram kan péré nínú plasmid tó gùn tó 5,000 base lé ní ẹyọ mílíọ̀nù 180. Bó o bá ń ṣí irú túùbù bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì tó o ti ń po PCR, ńṣe lò ń fọ́n ọn kiri. Fi omi là á títí tí ìlà rẹ̀ yóò fi fẹ́ máà hàn mọ́, kó o wá gbé e padà sókè ìpele kan. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró síbi tó yẹ sàn fún ọ ju èyí tó nípọn bí ìka lọ.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wà tí mo máa ń tún sọ títí. Àwọn ọmọ láàbù fẹ́ràn láti fi ethanol 70% nu tábìlì, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ethanol ń pa kòkòrò, kì í ba DNA jẹ́. Òun gan-an la fi ń mú DNA jókòó sí ìsàlẹ̀ túùbù tá a bá ń fọ̀ ọ́. Bíléèṣì ló ń gé e wẹ́wẹ́. Po ìwọ̀nba tuntun, ìdá kan bíléèṣì sí ìdá mẹ́sàn-án omi, jẹ́ kó jókòó lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o wá fi omi mímọ́ nù ún kúrò torí pé ó ń jẹ irin. Má sì jẹ́ kí bíléèṣì kan èròjà guanidine tó máa ń wà nínú àwọn ohun èlò tá a fi ń fa DNA jáde. Gáàsì olóró ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó gbogbo èèyàn jáde nínú ilé nítorí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé PCR kan náà ni gbogbo yín ń ṣe lójoojúmọ́, bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ máa fi dUTP, tó ń mú uracil wọ inú DNA, rọ́pò dTTP tó ń mú thymine wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì máa fi ẹ́ńsáìmù UNG sí àdàlù. UNG á jẹ gbogbo èsì àtijọ́ tó ní uracil kí PCR tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan DNA sáńpù. Àwọn èsì tẹ́ ẹ ti ṣe ṣáájú, tí wọ́n ní thymine, UNG kò ní rí wọn jẹ o, nítorí náà kì í ṣe oògùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí.

Ní ti ẹni tó ní kó o gé e, má bá a jà. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Àmọ́ "gbogbo èèyàn ló ń ṣe é" tó sọ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2002 ni Journal of Cell Biology ti ń yẹ àwòrán wò kí wọ́n tó tẹ àpilẹ̀kọ jáde, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló sì ń béèrè odidi àwòrán jẹ́ẹ̀lì báyìí láìgé ibì kankan. Ní 2016 Elisabeth Bik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde: àpilẹ̀kọ 20,621 ni wọ́n fojú ara wọn wò, wọ́n ń wá àwòrán tí wọ́n lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́nà tí kò yẹ, wọ́n sì rí i nínú nǹkan bíi 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn ń wò ó. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé kò sẹ́ni tó wò ó, akẹ́kọ̀ọ́ kan máa wà lẹ́yìn rẹ tó máa gba èsì yẹn gbọ́, tó máa fi ọdún kan nínú ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lé e lórí. Ẹni yẹn ni mo máa ń rò. Bó bá tiẹ̀ wá jẹ́ ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ ló ní kó o gé e, tọ ẹlòmíràn nínú àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ lọ ní kíákíá, kó o sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ dání.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ nípa kóńtíróòlù tó kọ̀ láti ṣe bí wọ́n ṣe rò. Ní 1995, Su Guo àti Kenneth Kemphues ń ṣiṣẹ́ lórí aràn kékeré C. elegans. Wọ́n fẹ́ pa jíìnì kan tó ń jẹ́ par-1 lẹ́nu mọ́, wọ́n sì gún RNA tó dojú kọ ọ̀rọ̀ jíìnì náà sínú aràn. Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gún èkejì, RNA tó bá ọ̀rọ̀ jíìnì náà dọ́gba, láti fi ṣe kóńtíróòlù. Gbogbo ìmọ̀ tó wà nígbà náà sọ pé kò yẹ kí èyí ṣe ohunkóhun. Òun náà ṣiṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Wo ipò tí wọ́n wà: bíi tìrẹ gẹ́lẹ́ ni, túùbù tó yẹ kó dákẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò gbé e pa mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wọn bó ṣe rí, láìní àlàyé tó tẹ́ni lọ́rùn fún un. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1998, Andrew Fire àti Craig Mello pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé RNA olókùn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń dà pọ̀ mọ́ àwọn RNA olókùn kan tá a bá ń ṣe wọ́n. Fire àti Mello gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2006. Ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tó ń fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́, patisiran.

Mi ò ní kó o rò pé Nobel wà nínú omi tìrẹ. Àbàwọ́n ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé iṣẹ́ kan náà ni: kéèyàn kọ ohun tó rí sílẹ̀ nígbà tí kò bá ohun tó ń retí mu. Ibi tí wọ́n ti ń dá olùwádìí mọ̀ nìyẹn, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ ní ọdún àkọ́kọ́. Ìwọ lo fi omi sí i. Ìwọ lo rí i. Ìwọ lo kọ̀wé wá béèrè dípò kó o gé e. Mo ti kọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn yá gan-an lórí pípẹ́ẹ̀tì, tí àwòrán wọn ń dán, tí mi ò lè fọkàn tán èsì wọn. Ọwọ́ yíyá ń bọ̀, oṣù díẹ̀ ló ń gbà. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí wà fún irú rẹ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, fi odidi jẹ́ẹ̀lì hàn: òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kóńtíróòlù tó yẹ kó yọ, sáńpù, omi. Sọ ọ́ fúnra rẹ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: "Omi mi ń yọ ìlà láti ọjọ́ báyìí, torí náà mi ò tíì gba ìlà sáńpù gbọ́. Ohun tí mo ti ṣe nìyí, ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e nìyí." Bó o bá ti rí omi tó mọ́ kó tó di ọjọ́ náà, gbé jẹ́ẹ̀lì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wàá rí i pé ìjíròrò gidi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn nínú láàbù á sì máa ṣàyẹ̀wò omi tiwọn. Láti ìsinsìnyí lọ, tó o bá ń ka àpilẹ̀kọ fún ìpàdé ìwé kíkà, wo àwòrán kó o tó ka ọ̀rọ̀, kó o sì máa wá ibi tí omi wà.

Lónìí, kó tó di alẹ́, ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, kó o to gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn sí ojú ìwé kan: omi wo, práímà wo, nọ́ńbà ẹ́ńsáìmù wo, pípẹ́ẹ̀tì ta ni, tábìlì wo, omi mọ́ tàbí kò mọ́. Bó o bá sì ṣí àwọn túùbù tuntun lọ́la, kọ ọjọ́ náà sí ìdérí wọn kó o tó bu ohunkóhun nínú wọn.